Èènì, Ìwọ̀n àti Ẹ̀kán Omi Ìkẹyìn

Nínú àwọn òfin tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé àyẹ̀wò, ọ̀kan wà tí ó máa ń ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbà. Wọ́n á fún un ní pípẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wú láàárín bí ọ̀fun ejò tí ó gbé ẹyin mì, tí ẹnu rẹ̀ ìsàlẹ̀ sì rí ṣóńṣó. Wọ́n á ní kí ó fa omi wọ inú rẹ̀ títí dé ìlà kan tí a fín sí ọrùn rẹ̀, kí ó wá jẹ́ kí omi náà ṣàn fúnra rẹ̀ sínú ìgò. Nígbà tí omi bá dá, díẹ̀ yóò ṣẹ́ kù ní ṣóńṣó ẹnu gíláàsì náà. Ọ̀dọ́ náà yóò fẹ́ fi atẹ́gùn tì í jáde, tàbí kí ó gbọ̀n ọ́n sínú ìgò. Olùkọ́ yóò sì sọ pé: 'Má ṣe bẹ́ẹ̀. Fi ẹnu rẹ̀ kan ògiri ìgò, dúró díẹ̀, kí o sì gbé e kúrò. Èyí tí ó bá kù, jẹ́ kí ó kù.'

Ìdí tí ó fi ń ṣòro kò jìnnà. Ẹ̀yìn ìyá wa ní ọjà ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́ ìwọ̀n. Níbẹ̀, ìyá tí ń ta gàrí kì í fi ọwọ́ ré orí agolo kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Yóò bù ú títí tí yóò fi ga ṣóńṣó lórí, tí díẹ̀ yóò sì máa dà padà sínú ọpọ́n. Lẹ́yìn èyí, olùrà yóò ní, 'Ìyá, ẹ fi èènì sí i.' Ìyá yóò fèsì pé, 'Ọmọ mi, ṣé o ò rí bí mo ti wọ̀n ọ́n ni?' Síbẹ̀ yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹni tí kò lè fi èènì sílẹ̀ ni a ń pè ní ahun, oníbàárà rẹ̀ kì í sì í pẹ́ tú ká. Fún ẹni tí a tọ́ báyìí, omi tí a fi sílẹ̀ ní ẹnu pípẹ́ẹ̀tì dà bí ọbẹ̀ tí alásè fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ìbéèrè tí àwa fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni pé: ǹjẹ́ ọ̀làwọ́ lè di àìṣòótọ́? Ìbéèrè náà kò rọrùn bí ó ti ń dún létí, àwọn irinṣẹ́ kékeré wọ̀nyí sì lè ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀kán náà jẹ́. Àwọn tí ó ṣe pípẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé omi kì í tán nínú gíláàsì tóóró. Díẹ̀ yóò máa lẹ̀ mọ́ ṣóńṣó rẹ̀ nígbà gbogbo. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò fín ìlà sí, wọ́n ti ka èyí mọ́ ohun tí kò ní jáde. Bí wọ́n bá kọ mílílítà 10 sí ara rẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé mílílítà 10 ni yóò bọ́ sínú ìgò, bí a bá jẹ́ kí ó ṣàn fúnra rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí ó tó ṣàn ju 10 lọ díẹ̀. Lára irú pípẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí lẹ́tà kékeré méjì, Ex, tí ó fi hàn pé ìwọ̀n ohun tí ó jáde ni a kọ. Lára ìgò ìwọ̀n, In ni a máa ń rí, nítorí pé ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ sí i. Ìyàtọ̀ tí òfin gbà láàyè fún pípẹ́ẹ̀tì mílílítà 10 tí ó wà ní ipò kìíní, èyí tí wọ́n ń kọ A sí lára, kò ju mílílítà 0,02 lọ, ì báà ṣe sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹ̀kán omi kan sì tó nǹkan bí mílílítà 0,05, nítorí pé bí ogún ẹ̀kán ni ó ń kún mílílítà kan. Ìdajì ẹ̀kán tí a fi ọ̀làwọ́ tì jáde ti kọjá ààlà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Irú pípẹ́ẹ̀tì mìíràn wà tí wọ́n fa òrùka méjì yí lókè. Ti èyí, a gbọ́dọ̀ fi atẹ́gùn ti ẹ̀kán ìkẹyìn jáde. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ ti jẹ gbèsè. Omi kan náà ni, gíláàsì kan náà ni, síbẹ̀ ohun tí ó jẹ́ àṣìṣe nínú ọ̀kan ni ó jẹ́ ojúṣe nínú èkejì. Bí a bá tẹjú mọ́ ẹ̀kán náà láti òwúrọ̀ di alẹ́, a kò ní rí èyí tí ó tọ́ lára rẹ̀. Àfi kí a mọ àdéhùn tí wọ́n fi ṣe irinṣẹ́ náà. Àwa rò pé bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìwà ènìyàn ṣe rí. Fífúnni àti dídáwọ́dúró kò dá lórúkọ jẹ́. Ohun tí a ti ṣèlérí fún ẹlòmíràn ni ó ń sọ wọ́n ní rere tàbí búburú.

Kò yà wá lẹ́nu pé inú òwò ni àwọn irinṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ní ìlú Rouen ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ François Descroizilles ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi omi oníkílóríìnì, ìbátan omi Javel tí a ń rà lónìí, sọ aṣọ di funfun. Bí omi náà bá le jù, aṣọ á jẹ. Bí kò bá le tó, aṣọ kò ní funfun. Ó ṣe ọ̀pá gíláàsì tí a fín ìlà sí láti fi mọ agbára omi náà, ohun tí ó sì fi ń dán an wò ni aró: bí omi bá ṣe lágbára tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe pa àwọ̀ aró tó. Ní 1806, ó tẹ ìwé jáde lórí irinṣẹ́ mìíràn tí àwọn oníṣòwò lè fi mọ bí pótáàṣì àti sódà tí wọ́n ń rà ṣe lágbára tó, kí ẹnikẹ́ni má baà ta ayédèrú fún wọn. Nígbà tí ó di 1824, Joseph Louis Gay-Lussac kọ̀wé lórí bí a ṣe ń dán oògùn ìsọṣọ-di-funfun wò, pẹ̀lú aró bákan náà. Inú ìwé yẹn ni orúkọ méjèèjì, pipette àti burette, ti di ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀. Ọ̀rọ̀ kejì yìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn ará Àjàṣẹ́ tí ń lọ sí ìsìn Kátólíìkì: burette kan náà ni Faransé ń pe ìgò kékeré tí wọ́n fi ń gbé wáìnì àti omi wá síbi pẹpẹ.

Aró ni ọ̀rọ̀ tí ó mú wa dúró nínú ìtàn yìí. Àwọ̀ tí ó wà nínú ewé ẹ̀lú tí àwọn aláró wa ń gún, òun náà ni ó wà nínú aró tí àwọn ará Yúróòpù ń kó wá láti Íńdíà. Àwọn aláró wa náà a sì máa wọn nǹkan. Wọ́n mọ omi eérú tí ó ti tó àti èyí tí kò tíì tó. Ojú, imú àti ọwọ́ ni òṣùwọ̀n wọn, aṣọ tí ó ti inú ìkòkò wọn jáde sì ni ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá fojú kéré ìmọ̀ yìí kò tíì gbìyànjú láti pa aṣọ láró rí. Ṣùgbọ́n inú ara aláró ni ìmọ̀ náà ń gbé. Bí ó bá kú láì kọ́ ọmọ rẹ̀, ó ti bá a lọ. Ìlà tí a fín sára gíláàsì lè sọ ohun kan náà fún ẹni tí kò mọ ẹni tí ó fín in rí, ní ìlú tí ẹni tí ó fín in kò dé rí.

Èyí ni ó mú wa padà sí èènì. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Èènì dára nítorí pé ojú kan ojú nígbà tí a ń fi í sí i. Olùtà mọ ohun tí ó fi kún un, olùrà rí i, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé ẹ̀bùn ni. Agolo sì ti kọ́kọ́ kún kí èènì tó dé. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú fo èyí: ẹni tí ó fi òòlù lu ìdí agolo wọnú, tí ó wá fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe èènì, kò fúnni ní nǹkan kan, díẹ̀ nínú ohun tí ó jí ni ó dá padà, ó tún gba ọpẹ́ lé e. Níbi tí ìwọ̀n kò bá sí, èènì kò lè wà.

Wàyí o, ta ni ó ń gba ẹ̀kán tí ọ̀dọ́ wa tì jáde? Ẹ jẹ́ kí a ro ti obìnrin àgbẹ̀ kan ní abúlé lẹ́bàá Kétu, tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò láti mọ bí ṣúgà inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Kò rí ẹni tí ó di pípẹ́ẹ̀tì mú. Ẹni náà kò rí òun pẹ̀lú. Nọ́ńbà ni ó rí lára ìgò. Bí ó bá fi ẹ̀kán kan kún un, obìnrin náà kò ní mọ̀ láti dúpẹ́, kò sì ní mọ̀ láti kọ̀ ọ́. Ìwé tí yóò dé ọwọ́ dókítà kò ní sọ pé èènì wà níbẹ̀. Ẹ̀bùn tí a fún ẹni tí kò mọ̀, ní ibi tí ó ti gbẹ́kẹ̀ lé ìwọ̀n, irọ́ ni, bí ọwọ́ tí ó ṣe é tilẹ̀ mọ́. Níwájú ẹni tí kò sí níbẹ̀, ọ̀làwọ́ kan ṣoṣo tí ó kù fún wa ni pé kí a mú àdéhùn ṣẹ.

Mímú àdéhùn ṣẹ kò sì rọrùn, nítorí ojú ara wa a máa tàn wá. Omi inú gíláàsì tóóró kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. A máa gun ògiri gíláàsì lọ díẹ̀, àárín rẹ̀ a sì rì wọlé bí inú abọ́. Ìdí abọ́ yìí ni ó gbọ́dọ̀ jókòó lórí ìlà. Ẹni tí ó bá dúró gángan, tí ó ń wò ó láti òkè, yóò rò pé omi ti dé ìlà nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó láti ìsàlẹ̀ yóò jẹ́ kí ó kọjá. Àfi kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi bá ìlà náà dọ́gba. Ó wù wá púpọ̀ pé ohun tí kò nípọn tó ìka ọwọ́ lè mú ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ̀ ba.

Ojú inú tún ń tan ènìyàn ju tòde lọ. Àwọn ọmọ wa tí ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò bac a máa fi bùrẹ́ẹ̀tì kán omi kan sínú òmíràn títí àwọ̀ yóò fi yí padà, wọ́n á sì kọ iye tí ó jáde sílẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 12,4, ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ti jókòó nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí èkejì sábà máa ń jẹ́. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni ó rí lóòótọ́. Nígbà mìíràn, ojú ti mọ ohun tí ó fẹ́ rí kí ó tó wò. Ọmọ náà kò mọ̀ pé òun purọ́. Ó kàn fẹ́ kí iṣẹ́ òun gún ni. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí a ń lò fún ìwà ẹni tí kì í ṣe àṣejù. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò, ẹ ó bá wọ̀n àti tún wọ̀n nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹlẹ́ẹ̀kejì kò wúlò àfi bí ó bá ní àyè láti tako èkíní.

Fún ìgbà pípẹ́, ẹnu ni wọ́n fi ń fa omi wọ pípẹ́ẹ̀tì. Ní 1893, ní ilẹ̀ Faransé, oníṣègùn kan ṣèèṣì fa kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun sẹ́nu báyìí, a sì ń tọ́ka sí i títí di òní gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀. Lẹ́yìn náà ni rọ́bà tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ dé, èyí tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní poire. Ní 1957, Heinrich Schnitger, oníṣègùn kan ní Marburg ní Jámánì, sì ṣe pípẹ́ẹ̀tì onípisítíìnì tí a ń fi àtàǹpàkò tẹ̀, tí ó lè wọn ohun tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀kán. Níbi tí poire bá ti ya tí kò sì sí òmíràn, ìdẹwò láti padà sí ẹnu ṣì ń bẹ. Kí àwọn tí ń pín owó ilé ìwòsàn rántí rọ́bà kékeré yìí, kí wọ́n má fi ẹ̀mí òṣìṣẹ́ ṣe èènì lé iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru náà kù. Bí ẹ bá wo ara pípẹ́ẹ̀tì dáadáa, ẹ ó rí 20 °C. Ìyẹn ni pé inú yàrá tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀ ni ìlà rẹ̀ ti jẹ́ òtítọ́. Yàrá mélòó ni ó rí bẹ́ẹ̀ ní Ṣábẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún, bí kò bá sí ẹ̀rọ amúlétutù? Omi a máa fẹ̀ bí ó bá gbóná. Nítorí náà, omi tí ó dé ìlà mílílítà 10 ní 30 °C fi nǹkan bí mílígíráàmù 25 fúyẹ́ ju èyí tí ó dé ìlà kan náà ní 20 °C lọ, bí ọwọ́ ti wù kí ó dúró ṣinṣin tó. Mílígíráàmù 25 omi tó bí ìdajì ẹ̀kán, ìdajì ẹ̀kán kan náà tí olùkọ́ ní kí a má fi kún un. Àwọn kan yóò sọ pé irinṣẹ́ àjèjì ni, òfin rẹ̀ kì í ṣe òfin ilẹ̀ wa. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é ti kọ ibi tí òtítọ́ rẹ̀ mọ sí ara rẹ̀ kedere. Ọ̀pọ̀ òfin tí wọ́n gbé wá bá wa láti òkè òkun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kù kí àwa náà kọ tiwa: kí a wọn ooru yàrá, kí a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ èsì, kí a sì ṣe ìṣirò tí ó yẹ. Ẹni tí ó ń fi omi kan wé òmíràn nínú yàrá kan náà lè fọkàn balẹ̀, nítorí ooru kan náà ni ó fẹ àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó po ohun tí ó wọ̀n lórí ìwọ̀n mọ́ omi tí ó fi gíláàsì wọ̀n ni kò gbọdọ̀ sùn.

Gbogbo èyí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nìkan, ṣùgbọ́n pípẹ́ẹ̀tì ti wọ ilé wa. Èyí tí ó wà nílé kì í sábà jẹ́ gíláàsì mọ́; ike ni, inú páálí oògùn olómi ọmọdé ni ó sì máa ń wà. Lára àwọn kan, kílò ọmọ ni wọ́n kọ dípò mílílítà: bí ọmọ bá wọn kílò 10, ìyá yóò fa oògùn dé 10. Ẹ wo ohun tí ó fara pamọ́ sábẹ́ nọ́ńbà yìí. Ní ti oògùn paracétamol tí ó ní mílígíráàmù 24 nínú mílílítà kan, tí a sì ń fún ọmọ ní mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, 10 jẹ́ mílílítà 6,25. Ní ti ibuprofène tí ó ní mílígíráàmù 20 nínú mílílítà kan, tí a ń fúnni ní mílígíráàmù 7,5 fún kílò kan, 10 jẹ́ mílílítà 3,75. Bí a bá fi pípẹ́ẹ̀tì ti àkọ́kọ́ bu èkejì, mílígíráàmù 125 ni ọmọ yóò gbà dípò 75. Ìyá fa á dé ibi tí wọ́n ní kí ó fà á dé. Kò sí ẹni tí ó purọ́ níbẹ̀. Àdéhùn ni ó dàrú, nítorí ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, a sì ti gbé eku kan sínú ìtẹ́ òmíràn.

Èènì náà ń wọ ibẹ̀. Ara ọmọ gbóná lóru, ọkàn ìyá àgbà kò balẹ̀, ó sì fi díẹ̀ kún un kí oògùn lè tètè ṣiṣẹ́. Ta ni yóò pe èyí ní ìkà? Síbẹ̀ paracétamol tí ó pọ̀ jù a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ̀dọ̀ kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ tí ó fẹ́ràn ọmọ àti ọwọ́ tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí ń fún ọmọ ní ìdajì kí ìgò lè pẹ́ nílé wà nínú ọ̀rọ̀ yìí bákan náà. Èdè tí a fi ń ṣàlàyé oògùn fún ara wa sì ń dá kún un. A máa ń sọ pé, 'Fún un ní ṣíbí kan.' Ṣíbí wo? Faransé ya ṣíbí kọfí, tí ó tó mílílítà 5, sọ́tọ̀ kúrò lára ṣíbí ọbẹ̀, tí ó tó 15. Lẹ́nu tiwa, ṣíbí ni àwọn méjèèjì, ìlọ́po mẹ́ta sì wà láàárín wọn. Ó yẹ kí àwọn tí ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí wa fi ìlà hàn wọ́n, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fà á dé ìlà náà níwájú wọn, kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé.

Ní ilé kan tí a mọ̀ ní Àjàṣẹ́, ìyá àgbà kan tí kò kàwé ti rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà. Ó fi òwú so pípẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan mọ́ ọrùn ìgò tirẹ̀, òwú pupa fún ọ̀kan, òwú funfun fún èkejì, ó sì ní kí ọmọ ọmọ rẹ̀ fi bíìkì fa ìlà sí ibi tí oníṣègùn fi hàn án. Bí oògùn bá tán, ìgò àti pípẹ́ẹ̀tì ni ó ń jù nù pọ̀, pẹ̀lú òwú lọ́rùn wọn.